Ẹ Gbé Ẹ̀bi Yìí Kúrò Lórí Ìyá Tó Ń Dá Ọmọ Tọ́

Ọmọ tó bá dára ni ti bàbá, èyí tí kò bá dára ni ti ìyá. Àwa Yorùbá ti ń wí i tipẹ́, a sì ń wí i bí ẹni pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, lóde òní, a ti fi kún un. Bí wọ́n bá mú ọmọkùnrin kan níbi tó ti ń yọ fóònù lápò oníbàárà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ni bàbá rẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá gboyún nílé ìwé, àwọn aládùúgbò á mi orí, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ nìkan ló kúkú tọ́ ọ. Oníwàásù ń sọ ọ́ fún ìjọ, olùkọ́ ń sọ ọ́ ní kíláàsì, ìyá ìyàwó pàápàá ń fi í bẹ ọmọ rẹ̀ tí ìyà ilé ọkọ ti fẹ́ pa: "Fara dà á nítorí ọmọ. Ọmọ tí kò sí ọkùnrin lórí rẹ̀ kì í yanjú."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti mú òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, n ó sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí wọ́n gbé ka orí òtítọ́ díẹ̀ yẹn ló wọ́. Ohun tó ń pa ọmọ lára nílé tí ìyá nìkan wà kì í ṣe àìsí ọkùnrin nínú yàrá. Owó tí kò wọlé ni, àkókò tí kò sí ni, ojúṣe tí ẹni tó bí i sá fún ni, àti ìrànlọ́wọ́ tí àwùjọ fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń bá ìyá wí nítorí gbogbo ìyẹn ń na ẹni tó dúró, ó ń fi ẹni tó sá sílẹ̀.

Missèbo ni mo fẹ́ kí a ti wo ọ̀rọ̀ náà. Àdúgbò ọjà ni, kò jìnnà sí Dantokpa, ibẹ̀ sì ni ojúkò òkìríkà, ìyẹn aṣọ àlòkù, ní Kútọnu. Kọ̀ǹtéńà ń ti èbúté wá, àwọn ọlọ́jà ńlá tí Ìgbò pọ̀ nínú wọn ń to bẹ́ẹ̀lì sí ṣọ́ọ̀bù dé òkè àjà, àwọn obìnrin sì ń rà á láìtú: Fọn, Gùn, Nàgó láti Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ṣábẹ̀ẹ́, Yorùbá láti Nàìjíríà. Wọ́n kọ irú aṣọ tó wà nínú bẹ́ẹ̀lì sára rẹ̀, bóyá ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tàbí aṣọ ọmọdé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mọ bí inú rẹ̀ ti rí àfi ìgbà tó bá já okùn rẹ̀. Bí ọjà bá jẹ́ gidi, àwọn alátùntà á ya bò ó láàárọ̀, wọ́n á ṣa èyí tó dára jù ní owó tó jọjú, ẹni tó ni í á sì máa ta ìyókù díẹ̀díẹ̀ títí bẹ́ẹ̀lì á fi tán. Bí ó bá sì jẹ́ aṣọ tó ti ṣá, tí bọ́tìnnì ti já, tí kọ́là ti ya, owó àjọ tí obìnrin náà kó ní oṣù yẹn ti wọmi kí oòrùn tó là.

Àwọn obìnrin tó ń dá tọ́mọ pọ̀ níbi òwò yìí. Òmíràn jẹ́ opó, òmíràn kọ ọkọ sílẹ̀, òmíràn ni ọkùnrin rẹ̀ ní òun ń bọ̀ tí kò sì bọ̀ mọ́ títí di òní. Ẹ dé ibẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá jáde ní agogo méjìlá ọ̀sán, nítorí ní Benin, ọmọ máa ń jáde lọ́sàn-án kí ó tó padà sí kíláàsì ní nǹkan bí agogo mẹ́ta. Ẹ ó rí àwọn ọmọ tó wọ kàkí, wọ́n ń gba àárín òkìtì aṣọ kọjá lọ sí ìsọ̀ ìyá wọn. Ìyá á bu oúnjẹ fún wọn, á tún máa dá oníbàárà lóhùn lẹ́nu kan náà. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ìwé ọmọ wò. Kò gbọ́ Faransé tó ń bẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣí i lójú ewé lójú ewé, ó ń wá yíǹkì pupa. Ó mọ̀ pé ibi tí pupa bá ti pọ̀, ohun kan wọ́ níbẹ̀. Á pe ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú kó wá ka ohun tí olùkọ́ kọ. Bí ó bá sì di pé kó sáré lọ gba ọjà, obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì ni yóò ṣọ́ ọmọ kó má sùn gbàgbé ilé ìwé, òun náà ni yóò sì lé e padà nígbà tí àkókò bá tó. Ẹni tó bá wo èyí tó tún sọ pé ọmọ yẹn kò rẹ́ni tọ́ ọ, ojú rẹ̀ kò sí lára ọmọ náà rárá.

Àwọn tó ń bá ìyá wí á ní ìwé wà tó ti àwọn lẹ́yìn. Òótọ́ ni, ìwé wà. Ní ọdún 1994, Sara McLanahan àti Gary Sandefur gbé ìwé jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọmọ tó dàgbà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Wọ́n rí i pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fi ilé ìwé girama sílẹ̀ láìparí ní ìlọ́po méjì ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ méjèèjì. Ní ọdún 2013, Shelley Clark àti Dana Hamplová wo orílẹ̀-èdè 11 ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tíì lọ́kọ rí tàbí tó ti kọ ọkọ sílẹ̀ sún mọ́ ikú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí ó tó pé ọdún 5. N kò ní fi èyí pamọ́. Ẹni tó bá sọ fún ìyá tó ń dá tọ́mọ pé kò sí ewu lóko ń tàn án jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ìwé McLanahan lọ́wọ́, kí ó kà á dópin. Òun àti Sandefur kan náà ló ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdajì ìpalára yẹn ló ti ibi àìrówó wá. Ìwádìí irú tiwọn ló tún fi hàn pé ọmọ opó máa ń ṣe dáadáa ju ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Ẹ rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé àìsí ọkùnrin nílé gan-an ni àrùn náà, ọmọ opó ni ì bá kàn jù, nítorí bàbá tirẹ̀ kò ní í yà wò ó láéláé. Kí ló wá mú kí tirẹ̀ sàn? Kò sí ìjà tó ń jà á nínú láàárín bàbá àti ìyá. Àwọn ènìyàn ń bá ìyá rẹ̀ kẹ́dùn dípò kí wọ́n máa nà án níka. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ń san owó fún ọmọ tí òṣìṣẹ́ tó kú fi sílẹ̀, òṣooṣù ló sì ń dé. Bàbá kò sí níbẹ̀. Àánú àti owó ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Áfíríkà tiwa. Ní ọdún 1996, Cynthia Lloyd àti Ann Blanc wo ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè 7, Kẹ́ńyà, Kamẹrúùnù àti Niger wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n fi ilé tí ọrọ̀ wọn kò jura lọ wé ara wọn, ọmọ tó ń gbé nílé tí obìnrin jẹ́ olórí ló ń rí ilé ìwé lọ jù, òun náà ló sì ń dé kíláàsì kẹrin jù. Kì í ṣe gbogbo obìnrin tó jẹ́ olórí ilé ni kò lọ́kọ. Ọkọ àwọn mìíràn wà lájò. Síbẹ̀ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà tọ̀ hàn kedere: owó tó bá dé ọwọ́ ìyá, ọmọ ló ń jẹ ẹ́. Ní ọdún 2016, Susan Golombok àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge wo àwọn obìnrin tó mọ̀ọ́mọ̀ pinnu láti dá bímọ. Wọ́n rí i pé ọmọ wọn kò yàtọ̀ ní ìwà àti ìfọ̀kànbalẹ̀ sí ọmọ tó ní bàbá nílé. Ibi tí wàhálà ti ń yọ ni ibi tí owó ti há tí ìdààmú sì ti wọ ìyá lára.

Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ Missèbo. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, kò sì ṣí ẹnubodè Sèmè, tó wà lójú ọ̀nà Kútọnu sí Èkó, padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Nàìjíríà ti fòfin de aṣọ àlòkù láti òkèèrè tipẹ́, síbẹ̀ àwa tí a mọ ọ̀nà mọ̀ pé ọjà Missèbo ń kọjá lọ sí Èkó lójoojúmọ́. Nígbà tí ọ̀nà dí, bẹ́ẹ̀lì jókòó. Ìyá tó ń fi èrè bẹ́ẹ̀lì san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì kò rí i san. Ọmọ tó jókòó sílé ní ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ṣé àìní bàbá ló lé e kúrò ní kíláàsì ni, àbí ìlẹ̀kùn irin tí wọ́n tì ní Sèmè? Òótọ́ ni pé bí òbí méjì bá ń pawó, ọ̀kan lè gbé ilé ró nígbà tí ọjà èkejì bá kú. Ìyẹn ni òtítọ́ díẹ̀ tí mo ní n ó dé. Ọwọ́ méjì sàn ju ẹyọ kan lọ. Bàbá rere tó wà nílé, tó ń pawó, tó ń bá ọmọ ṣeré, tó ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀, ẹ̀bùn ńlá ni fún ọmọ. N kò bá irú bàbá bẹ́ẹ̀ jà. Ẹni tí mo ń bá jà ni ẹni tó sọ ọwọ́ kejì tó sá lọ di ẹ̀ṣẹ̀ ọwọ́ tó kù.

Ohun kan sì wà tó ń fi hàn pé àwa fúnra wa kò gbà gbọ́ pé ọmọ tí kò sí ọkùnrin lórí rẹ̀ kì í yanjú. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ló ti lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Libreville ní Gábọ́n tàbí ní Èkó. Ìyàwó wọn dá tọ́ ọmọ láti ìgbà tó ń rákò títí tó fi hu irùngbọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ tí kò ní bàbá, kò sì sí oníwàásù tó fi í ṣe àpẹẹrẹ ọmọ tí yóò bàjẹ́. Kí ló dé? Owó ń wọlé, orúkọ bàbá sì wà níbẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó ní obìnrin mẹ́ta ní àdúgbò mẹ́ta pẹ̀lú. Òfin ìdílé Benin ti ọdún 2004 kò mọ̀ ju ìyàwó kan lọ, ṣùgbọ́n òfin kò dá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dúró. Ọmọ tó bí sílé kẹta lè má fojú kàn án ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ìyá ló ń bọ́ ọ, ìyá ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ, àwùjọ á sì ní bàbá àti ìyá ló ń tọ́ ọ. Nígbà náà, kì í ṣe ìtọ́jú bàbá ni a ń bèèrè. Àwòrán bàbá ni a ń bèèrè. A fẹ́ kí ọmọ ní orúkọ ọkùnrin tí a lè dá, bí ọkùnrin náà kò tilẹ̀ mọ kíláàsì tí ọmọ wà.

Wọ́n á ní, "Ta ni yóò bá ọmọkùnrin wí? Obìnrin kò lè kápá rẹ̀." Èyí ni wọ́n gbójú lé jù. Mo fẹ́ bi wọ́n: ìgbà wo ni Yorùbá fi ẹ̀kọ́ ọmọ sọ́wọ́ bàbá nìkan? Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ̀gbọ́n ìyá ń báni wí, àbúrò ìyá ń báni wí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń báni wí, àgbàlagbà àdúgbò tó rí ọmọ níbi tí kò yẹ ń lé e délé. Bí ọmọkùnrin kò bá rí ọkùnrin tó lè wò ṣe àwòkọ́ṣe, gbogbo ọkùnrin tó yí ìyá rẹ̀ ká ni kí a bi. Kí ló dé tí wọn kò pè é? Kí ló dé tí àbúrò ìyá, tó ń sọ pé obìnrin kò lè kápá ọmọ, kò fi ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan mú ọmọ náà dání lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìbáwí sì lójú méjì. Bàbá tó ń lu ìyá lójú ọmọ ń kọ́ ọmọ, ó ń kọ́ ọ dáadáa, ẹ̀kọ́ náà kì í sì í tètè jáde lára.

Bí níní bàbá àti ìyá nílé bá tó láti dáàbò bo ọmọ, ẹ sọ fún mi ibi tí àwọn ọmọ tí Fọn ń pè ní vidomègon ti ń wá. Ìyẹn ni ọmọ tí wọ́n mú láti abúlé fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní Kútọnu, tó ń fọ àwo, tó ń kiri ọjà ní Dantokpa nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ wọn ni bàbá àti ìyá wọn jọ ń gbé, àwọn méjèèjì ló sì jọ fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé gbọ́ orúkọ Kútọnu nítorí ọkọ̀ ojú omi Etireno, tó kó àwọn ọmọ tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Gábọ́n, tí wọn kò jẹ́ kó gúnlẹ̀ níbẹ̀, tó sì kó wọn padà wálé. Ní ọdún 2006, Benin ṣe òfin pàtó láti dènà kíkó ọmọdé rìn lọ́nà àìtọ́. Ẹnikẹ́ni kò tìtorí ìyẹn sọ pé ilé tí bàbá àti ìyá bá wà ló ń ba ọmọ jẹ́. Òṣì ni a dárúkọ, a sì tọ̀nà. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé bí òṣì bá wọ ilé ìyá tó ń dá tọ́mọ, a kò dárúkọ òṣì mọ́, ìyá ni à ń dárúkọ?

Ìtàn ẹnìkan wà tí gbogbo Yorùbá mọ̀, tí a kì í sì í kà dé ibi tó yẹ. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1920. Ilé ìwé tó ń lọ já ní agbede méjì, ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀, ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kí ó lè rí owó ilé ìwé. Ohun tí ikú bàbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó kọ́kọ́ hàn ni owó. Nígbà tí ọ̀pá àṣẹ dé ọwọ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, kò wàásù fún àwọn opó pé kí wọ́n wá ọkọ kí ọmọ wọn lè yanjú. Ní oṣù Kínní ọdún 1955, ìjọba rẹ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà nílé ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún tó ṣáájú sí ohun tó lé ní 800,000. Àwọn ọmọ opó wà nínú wọn, àwọn ọmọ tí bàbá wọn sá lọ wà nínú wọn, àwọn ọmọ tí bàbá wọn wà nílé tí kò sì lówó wà nínú wọn. Ìlẹ̀kùn ilé ìwé kò bi ẹnikẹ́ni pé bàbá rẹ ńkọ́.

Benin náà ti gbé ìgbésẹ̀. Láti ọdún 2006, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba di ọ̀fẹ́; láti ọdún 2017, ètò oúnjẹ ilé ìwé ń gbòòrò sí i; òfin tí wọ́n tún ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 sì ti ṣí àyè sílẹ̀ fún orúkọ ìdílé ìyá lórí ọmọ. Ohun tó kù ni pé kí ọkàn wa dé ibi tí òfin dé. Nítorí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí ń ṣe ọmọ ní jàǹbá. Olùkọ́ tó ti gbà pé ọmọ yìí kò ní yanjú kò ní í pè é síwájú pátákó. Ọmọ tí wọ́n ń fi bàbá rẹ̀ bú lójoojúmọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọn kò ti ní í bú u, ibẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ ibi rere. Obìnrin tí ẹ̀rù ń bà pé ọmọ òun á bàjẹ́ á padà sílé ẹni tó ń lù ú. Ọkùnrin tó sá lọ á máa jẹun ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà, nítorí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á dárúkọ rẹ̀. Òfin sọ pé bàbá gbọ́dọ̀ bọ́ ọmọ tó bí. Kí àwọn ilé ẹjọ́ jẹ́ kí ẹjọ́ owó ìtọ́jú ọmọ yá, kí ìyá má baà ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́jọ́ bíi mélòó kan nítorí owó tí kò tó oúnjẹ ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹbí ọkùnrin, tó mọ bí a ti ń gba ọmọ nígbà tó bá di ọ̀gá, mọ bí a ti ń san owó rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí tó ń kìlọ̀ fún obìnrin bi ọkùnrin tó jókòó níwájú pé ọmọ mélòó ló bí, mélòó ló ń bọ́. Kí àwọn tó ń ṣàkóso ọjà wá ibi tí ọmọ kàkí lè jókòó kàwé láàárín agogo méjìlá sí mẹ́ta, pẹ̀lú ẹnìkan tó gbọ́ Faransé. Kí àwa tó kù kọ́ láti bèèrè ohun tí ọmọ nílò kí a tó bèèrè ẹni tó bí i.

Ìyá tó ń dá ọmọ tọ́ ní Missèbo kò tọrọ ìyìn, kò sì yẹ ní èébú. Iṣẹ́ ènìyàn méjì ló ń ṣe lójú wa, àwùjọ tó bá sì rí i tí kò ràn án lọ́wọ́ kò lẹ́nu láti dá ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́.